Orí Keje: Àbààwọ́n Tí Ọṣẹ Kò Ràn

Oṣù Kọkànlá ni àwọn tó ń lẹ táìsì ní Iléṣà kì í ráyè. Ilé tí iṣẹ́ ti dúró lórí rẹ̀ láti ìgbà tí owó ti tán ni onílé tó wà l'Ékòó tàbí ní London yóò ṣàdédé tẹ̀ wọ́n láago lé lórí, pé kí wọ́n parí rẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé, torí pé òun àti àlejò ń bọ̀. Wọn yóò lẹ táìsì pọ́síléènì tó ń dán gbinrin, wọn yóò fi sìmẹ́ńtì funfun dí ojú ìpàdé, wọn yóò nù ún, wọn yóò sì sáré fi sílà pa á kó má baà gba ìdọ̀tí. Onílé dé, ó ṣí fèrèsé, oòrùn àárọ̀ wọlé, ó wá rí i pé àmì ti gba gbogbo ilẹ̀ pálọ̀: ibì kan ń dán, ibì kan ṣú, ibì kan ní ìlà kọrọdọ níbi tí àkísà ti gbà kọjá. Wọ́n fi Omo fọ̀ ọ́, kò lọ. Wọ́n da Hypo sí i, kò lọ. Ibẹ̀ ni oníṣẹ́ ti máa ń sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ ra ásíìdì wá."

Kí Màmá má baà gbà fún un ni mo ṣe kọ orí yìí.

Nǹkan kan ló yẹ ká mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun: ibo gan-an ni àbààwọ́n yẹn wà? Ó lè wà lórí, lójú táìsì, kó jẹ́ sílà tó ṣẹ́ kù ló gbẹ síbẹ̀. Ó lè wà nínú ihò táìsì, kí sílà ti dé e mọ́bẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Lójú ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wo ọ̀kan sàn, òun náà ló ń ba èkejì jẹ́, ìdí sì nìyẹn tí ilẹ̀ tí wọ́n tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹta fi máa ń burú ju èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lọ.

Ilẹ̀ tí kì í mu omi

Amọ̀ funfun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kaolin wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe táìsì pọ́síléènì. Irú amọ̀ yìí wà nínú ilẹ̀ ní Ìjerò-Èkìtì, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú ẹfun tí à ń rà lọ́jà. Wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ òkúta feldspar àti quartz, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á wá tì í sínú ìléru tí ooru rẹ̀ máa ń dé 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú ooru yẹn, feldspar á yọ́, á di dígí, á ṣàn wọ àárín àwọn horo yòókù, gbogbo rẹ̀ á sì dì mọ́ra.

Pé iná lè sọ òkúta di dígí kì í ṣe ìmọ̀ àjèjì ní agbègbè yìí. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àwọn ìkòkò tí àwọn baba wa fi ń yọ́ dígí ìlẹ̀kẹ̀ láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, tí dígí ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Leo Frobenius, ará Jámánì tó wá síbẹ̀ lọ́dún 1910, rí iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀, ó sì gbé ògo rẹ̀ fún àwọn ará Atlantis inú àlọ́ àwọn Gíríìkì. Ìwádìí Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rúndún tiwa yìí ló fi hàn pé Ifẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe dígí náà, láti inú òkúta àti iyanrìn ilẹ̀ wa.

Ẹ wá fi táìsì yìí wé àmù. Omi inú àmù ń tutù nítorí pé ara àmù ń mu omi, ó ń làágùn síta, afẹ́fẹ́ sì ń gbé òógùn náà lọ. Pọ́síléènì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 13006 ní táìsì tó bá máa bọ́ sí ẹgbẹ́ pọ́síléènì kò gbọdọ̀ mu omi ju ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ. Páálí tó bá wọn kílò 30, gbogbo omi tó lè wọ inú rẹ̀ kò ju gíráàmù 150 lọ, kò tó ìdajì píọ́ wọ́tà kan. Táìsì ògiri lásán máa ń mu ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni wọ́n ń fi sílà ṣe? Dídán ni. Nígbà tí táìsì bá ti inú ìléru jáde, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ti fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Ihò wọ̀nyí kò já síra wọn, wọn kò já síta, wọn kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àmọ́ àwa oníbàárà fẹ́ kí ilẹ̀ máa tàn, kí á lè fi wo ojú. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ á fi ẹ̀rọ tó ní dáyámọ́ńdì lẹ́nu fá ojú táìsì náà kúrò, ó lè tó ìdajì mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ihò tó ti dé pa tẹ́lẹ̀ á wá là sójú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré ju irun orí lọ. Ojú kò rí wọn, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí rí wọn. Táìsì tí wọn kò dán, tó ṣú díẹ̀, kì í sábàá ní wàhálà yìí rárá, ó sì máa ń ya àwọn tó ń kọ́lé lẹ́nu pé òun ni mo máa yàn fún ilé ìdáná.

Àwọn àgbà sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀, ló bá pàṣẹ kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà Ifẹ̀. Àwọn ilẹ̀ àpáàdì yẹn ṣì wà títí dòní. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi tò wọ́n, etí àpáàdì sókè. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣú pọ̀. Bí oòrùn bá ràn, gbogbo rẹ̀ á gbẹ pọ̀. Ohun tó ń mu omi kárí kò ní ibi tí àbààwọ́n yóò ti dá yàtọ̀. Ilẹ̀ tó ń kọ omi níbi gbogbo àyàfi níbi ihò tí ojú kò rí, òun ni àìsàn yìí ń bá jà.

Iṣẹ́ sílà, àti ibi tí kò yẹ kó wà

Sílà tó tọ́ sí pọ́síléènì kì í ṣe ọ̀dà. Èròjà bíi silane àti siloxane ni wọ́n pò mọ́ omi tàbí mọ́ ohun tó ń yára fẹ́ lọ bíi tínà. Ó máa wọ inú ihò, ohun tí wọ́n fi pò ó á fẹ́ lọ, èyí tó kù á fara mọ́ ògiri ihò náà, omi àti epo kò sì ní lè wọlé mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò kọjá inú ihò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sójú táìsì kò ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ìdọ̀tí lásán ló dà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára agolo pé kí a nù ún kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó tó gbẹ. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í ka ibẹ̀. Ohun tí a fowó rà, ó ń dun ènìyàn láti fi àkísà nù ún dànù, nítorí náà wọ́n á fi í sílẹ̀ kó "mú" dáadáa. Òun gan-an ló máa di àmì.

Ojú ọjọ́ wa sì ń dá kún un. Lásìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, sílà lè gbẹ kí oníṣẹ́ tó fi àkísà kan ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá lórí táìsì tí oòrùn ń pa láti ojú fèrèsé. Ẹni tó fi sílà kun gbogbo pálọ̀ tán kó tó padà wá nù ún ti pẹ́ jù. Ní Òṣogbo, àwọn onílé àlejò máa ń fẹ́ tún ilé ṣe kí àlejò ọdún Ọ̀ṣun tó dé ní oṣù Kẹjọ, ìgbà òjò sì nìyẹn. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ilẹ̀ tútù lábẹ́, sílà tí wọ́n fi omi pò kì í tètè gbẹ, ó sì lè funfun bàì. Ọyẹ́ ń fi ìkánjú bà á jẹ́, òjò ń fi ìlọ́ra bà á jẹ́. Ìgbà tó dára jù ni òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kò sí òjò, kí aṣọ fèrèsé wà ní títì, kí a sì máa ṣe é ní táìsì mẹ́rin-mẹ́rin, kí a nù ún tán kí a tó bọ́ sí mẹ́rin mìíràn.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi fáníìṣì pa táìsì. Fáníìṣì kò rí ohun tó máa dì mú lórí pọ́síléènì, yóò ṣí kúrò ní pẹ́lẹ́bẹ́-pẹ́lẹ́bẹ́ láìpẹ́. Kò yẹ kí a lo àkókò lórí ìyẹn ju báyìí lọ.

Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́

Ẹ dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ pa iná, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì tàbí iná fóònù sórí ilẹ̀ gan-an, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rìn lójú táìsì. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró kí ẹ wo ibì kan náà láti òkè tààrà. Bí àbààwọ́n bá hàn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, tó sì pòórá nígbà tí ẹ wò ó láti òkè, orí ló wà. Ojú táìsì tó dán máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ní ọ̀nà kan ṣoṣo, bíi dígí. Sílà tó gbẹ síbẹ̀, bó tilẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ojú lè wọ̀n lọ, ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ká. Nígbà míì ó máa ń mú àwọ̀ òṣùmàrè wá, bíi ti epo tó dà sínú àbàtà omi lójú títì. Ẹ fi èékánná fà á: bí ìlà bá là níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Bí àbààwọ́n náà bá hàn láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, lọ́sàn-án àti lóru, inú ihò ló wà tàbí abẹ́.

Ibi tí mo ti ń gbádùn iṣẹ́ yìí jù ni ti ìrísí, nítorí pé àbààwọ́n máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó bí i. Èyí tó tẹ̀ kọrọdọ, tó gùn tó apá ènìyàn, apá ẹni tó nu sílà ló yà á. Èyí tó rí róbótó jẹ́ ẹ̀kán tó já bọ́ láti inú agolo. Ìlà tó gún régé, tí ó rí bákan náà lórí táìsì kọ̀ọ̀kan, ìda ni: àwọn ilé iṣẹ́ máa ń fi ìda pa ojú táìsì kó má baà ha nínú páálí, bí a kò bá fọ ìda yẹn kúrò kí a tó lo sílà, sílà á dúró lórí ìda. Bó bá tẹ̀ lé ojú ìpàdé, tó ṣú létí táìsì tó sì mọ́ láàárín, ẹ fura sí omi abẹ́ ilẹ̀ tàbí sìmẹ́ńtì tí wọn kò nù tán. Bó bá jẹ́ táìsì kan lódindi ló yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀, láìsí ààlà kankan nínú ara táìsì náà, sílà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Páálí méjì tí wọn kò sun pọ̀ ni wọ́n pò mọ́ra.

Ọ̀nà tó ṣú láti ẹnu ìlẹ̀kùn lọ sídìí àga ńkọ́? Iyanrìn ni. Quartz inú iyanrìn le tó táìsì, ó tún lè le jù ú lọ, bàtà sì ń fi í ha ojú táìsì díẹ̀díẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ lè dà sórí rẹ̀ tó máa lọ. Ẹ ra ìnusẹ̀ tó gùn.

Ìwòsàn

Ẹ yan táìsì kan tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kó jẹ́ òun ni ẹ ó máa fi dán ohun gbogbo wò. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, nítorí pé ọṣẹ tí wọn kò ṣàn kúrò náà máa ń fi àmì sílẹ̀.

Fún àbààwọ́n orí, oògùn àkọ́kọ́ lè ya ènìyàn lẹ́nu: sílà yẹn náà ni. Ẹ ta díẹ̀ lára rẹ̀ sí ibi tó ṣú, ẹ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tí wọ́n fi pò ó yóò tún rọ èyí tó ti gbẹ. Ẹ fi fóòmù funfun tó rọ̀ fọ̀ ọ́ ní yíyípo, ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún, kí ẹ sì máa pààrọ̀ àkísà náà, torí pé èyí tó ti kún kàn ń kó sílà láti ibì kan lọ sí ibòmíràn ni. Ẹ má lo fóòmù líle aláwọ̀ ewé tí a fi ń ha ìkòkò; èròjà líle wà lára rẹ̀ tó ń ha ojú táìsì dídán. Bí sílà náà kò bá tíì pẹ́ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ìtọ́jú yìí sábà máa ń tó.

Èyí tó ti pẹ́ ń fẹ́ ohun tó lágbára jù. Sílà tí wọ́n fi tínà pò máa ń gbọ́ràn sí asẹ́tóònù, èyí tí àwọn obìnrin fi ń nu kùtẹ́ẹ̀sì kúrò ní èékánná. Èyí tí wọ́n fi omi pò, àti ìda, sábà máa ń fẹ́ oògùn ìfọlẹ̀ tó jẹ́ ti ọṣẹ líle, òdìkejì ásíìdì. Asẹ́tóònù ń gbiná kíákíá: ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ pa sítóòfù àti jẹnẹrétọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. Kẹrosíìnì ń fi epo sílẹ̀ sínú ihò, ó sì tún di àbààwọ́n mìíràn. Ti pẹtiróòlù, kí a má tilẹ̀ dá a lábàá nínú ilé.

Àbààwọ́n inú ihò gba sùúrù. Ilẹ̀ wa pupa nítorí ìpẹtà irin tó wà nínú rẹ̀, erùpẹ̀ yẹn sì máa ń tẹ̀ lé bàtà àwọn òṣìṣẹ́ wọlé kí ilé tó parí. Ó wọ inú ihò, wọ́n fi sílà dé e mọ́lẹ̀, táìsì funfun wá ní àwọ̀ bí osùn. Bí ẹ bá da oògùn sórí rẹ̀, sílà yóò lé oògùn náà padà, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún nìyẹn. Ẹ ní láti kọ́kọ́ yọ sílà kúrò, bí mo ti sọ lókè, kí ẹ tó lé ìdọ̀tí.

Ibí ni ẹfun ti wúlò. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ pò ó mọ́ oògùn tó bá àbààwọ́n mu títí yóò fi dà bí ògì líle: oxalic acid tí wọ́n ti yọ́ sínú omi fún ìpẹtà irin, hydrogen peroxide fún obì àti tíì, asẹ́tóònù fún epo pupa. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, oxalic acid kì í ṣe ohun tó ń kan ẹnu tàbí ojú. Ẹ tẹ́ ẹ lé ibi náà kó nípọn tó ìka kékeré, ẹ fi ọ̀rá bò ó di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá ṣí ọ̀rá náà kí ẹfun lè gbẹ. Nígbà tí ó bá ń gbẹ ni iṣẹ́ ń lọ. Ihò inú ẹfun kéré, wọ́n sì pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n ń fa omi jáde láti inú ihò táìsì, omi náà sì ń kó ìdọ̀tí bọ̀. Ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìkìlọ̀ kan: kì í ṣe gbogbo ẹfun ọjà ni kaolin. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bó bá hó, ẹfun oníkásíọ́ọ̀mù ni, ásíìdì àti òun kò lè jọ ṣiṣẹ́.

Nípa ásíìdì tí oníṣẹ́ fẹ́ lọ rà

Ásíìdì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Sìmẹ́ńtì funfun tí wọn kò nù kúrò lójú táìsì lẹ́yìn tí wọ́n fi dí ojú ìpàdé máa ń gbẹ bíi èérú, ásíìdì tí kò le sì ń yọ́ ọ: sulphamic acid tàbí phosphoric acid tí wọ́n pò mọ́ omi bí wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹ fi omi tútù rin ojú ìpàdé ná, kí ojú ìpàdé má baà mu ásíìdì yó. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án kúrò. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé èérú sìmẹ́ńtì yẹn ti wà lábẹ́ sílà. Ásíìdì kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oníṣẹ́ rí i pé kò lọ, ó fi kún agbára ásíìdì, ásíìdì kò rí sìmẹ́ńtì orí táìsì jẹ, ó yíjú sí sìmẹ́ńtì ojú ìpàdé, ó jẹ ẹ́ títí ó fi ń yọ iyanrìn. Àbààwọ́n ṣì wà níbẹ̀, ojú ìpàdé ti lọ.

Èyí tó burú jù ni hydrofluoric acid, tó máa ń wà nínú àwọn oògùn kan tí wọ́n ń tà fún yíyọ ìpẹtà. Ásíìdì tó ń jẹ dígí ni, a sì ti rí i pé dígí ló so pọ́síléènì pọ̀. Ibi tó bá kàn kì yóò dán mọ́. Bó bá kan ara ènìyàn, ó lè máà ta á lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀ yóò wọ inú ara lọ máa fa kásíọ́ọ̀mù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá ọkàn dúró. Ẹ ka ara ike. Bí orúkọ yìí bá wà níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ásíìdì àti Hypo pàdé lórí ilẹ̀ kan náà. Gáàsì kílóríìnì ló máa ń jáde. Òun ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1915, tó pa àwọn ọmọ ogun inú kòtò. Ilé ìwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kéré kò yàtọ̀ sí kòtò yẹn.

Omi tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀

Sìmẹ́ńtì máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 28 kó tó gbó dé ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń retí, omi inú rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà jáde ní gbogbo àkókò yẹn. Pọ́síléènì kò jẹ́ kó kọjá. Ojú ìpàdé nìkan ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí a bá fi sílà ti ilẹ̀kùn yẹn ní ọjọ́ kejì, omi á dúró sétí táìsì, ibẹ̀ á ṣú. Èyí tó bá sì rí ọ̀nà jáde ń kó kásíọ́ọ̀mù inú sìmẹ́ńtì dání. Bó bá pàdé afẹ́fẹ́, ó di ẹ̀fun-ẹ̀fun funfun lójú ìpàdé.

Iléṣà jẹ́ ìlú olókè. Ilé tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú òkè máa ń gba omi láti ẹ̀yìn nígbà òjò, ọdún yòówù kí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá mọ́ orí ojú ìpàdé kan, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá wà nínú ọ̀rá, omi ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, kò sì sí oògùn orí ilẹ̀ tó lè dá a dúró. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé ni kí ẹ lọ tún ṣe. Ẹ̀fun-ẹ̀fun yẹn, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a kúrò títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Ṣé dandan ni sílà?

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi í nígbà tí ilẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ táìsì dídán tí wọ́n ń ṣe lónìí, ì báà jẹ́ èyí tó ti Foshan ní Ṣáínà wá tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè wa, ni ilé iṣẹ́ ti dí ihò rẹ̀ kí wọ́n tó kó o sínú páálí. Sílà tí a bá tún fi kun irú rẹ̀ kò ní ibi tó máa wọ̀. Orí ló máa dúró sí, yóò sì di àbààwọ́n tí a ti ń sọ láti òwúrọ̀. Ẹ mú táìsì kan kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n, ẹ fi máákà tí kì í parẹ́ kọ nǹkan sí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi asẹ́tóònù nù ún. Bó bá lọ mọ́nínmọ́nín, ẹ tọ́jú owó sílà yín. Bó bá kù bíi ojìji, ihò ṣí sílẹ̀. Ìgbà tó sì yẹ kí sílà wọ irú táìsì bẹ́ẹ̀ ni lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́, tí wọ́n fọ ìda kúrò, tó gbẹ, ṣùgbọ́n kí sìmẹ́ńtì funfun tó kan ojú ìpàdé. Bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ńtì funfun náà kò ní rí ihò wọ̀.

Táìsì tí hydrofluoric acid ti jẹ, tàbí tí iyanrìn ti ha pátápátá, ẹ̀rọ dáyámọ́ńdì lè tún un dán, ṣùgbọ́n ó ṣòro kó bá aládùúgbò rẹ̀ dọ́gba, ó sì tún máa la ihò tuntun. Ó sàn kí wọ́n hú u, kí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò. Àwọn páálí tí wọ́n jọ sun nínú ìléru máa ń ní nọ́ńbà àwọ̀ kan náà lára, èyí tí wọ́n bá sun ní oṣù tó tẹ̀ lé e lè ṣú jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ọjà á sì ti tà á tán kí ọdún tó yí. Nítorí náà, ẹ ra páálí méjì lé sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á, ẹ gbé wọn sábẹ́ àtẹ̀gùn, kí ẹ sì fi máákà yẹn kọ nọ́ńbà wọn sí ara ògiri inú kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí pé páálí máa ń fà ya, eku sì máa ń jẹ ẹ́.